Bulldog tó ń mí dáadáa: ká ṣà á láàárín ìran rẹ̀, àbí ká da ẹ̀jẹ̀ míì mọ́ ọn?

Bulldog ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ irú ajá kan tí imú rẹ̀ kúrú débi pé ọ̀pọ̀ wọn kì í mí dáadáa. Ẹni tó bá ń ṣa èyí tí imú rẹ̀ gùn díẹ̀ láàárín wọn nìkan láti fi gùn kò ní ba ìwé ìran wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn òbí wọn, jẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti jọra jù: ìwádìí tí Niels Pedersen ṣe ní Yunifásítì California ní Davis, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ohun téèyàn lè ṣà nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì, ìyẹn dída ẹ̀jẹ̀ míì mọ́ ọn, ni David Leavitt, ọkùnrin kan tó ń sin ajá, tọ̀ ní Pennsylvania nílẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1971: ìdajì jẹ́ bulldog Gẹ̀ẹ́sì, irú ajá mẹ́ta míì, bullmastiff, pit bull àti American Bulldog, sì kó ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò tí wọ́n fi ń sin màlúù ló lò, kí ìbátan má baà máa gun ìbátan. Èyí ló tẹ́ wa lọ́rùn jù, àmọ́ ó gba sùúrù gan-an. Àwọn ọmọ ìran àkọ́kọ́ kì í jọra: ọ̀kan á ga bíi bullmastiff, imú èkejì á ṣì kúrú.

Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, kí dókítà ẹranko fetí sí ọ̀fun ajá ṣáájú àti lẹ́yìn tó bá sá eré kúṣẹ́kúṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3. Èyí tó bá ń hanrun, ẹ má fi í gùn.