Nọ́ọ̀tì táyà tuntun tí mo rà fún Tacoma mi, àti tọ́ọ̀kì sípánà tó bá a rìn

Kí n tètè sọ ọ́: nọ́ọ̀tì náà dára, tọ́ọ̀kì sípánà tí mo rà mọ́ ọn (sípánà tó ń dún tí nọ́ọ̀tì bá ti le tó iye tí ẹ fẹ́) tún dára jù ú lọ, àpótí ike tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí kò níláárí rárá. Ìdè rẹ̀ ti já.

Toyota Tacoma tókúnbọ̀, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, ni mo ń wà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bóòtù mẹ́fà. (Tacoma ẹlẹ́sẹ̀ bóòtù márùn-ún wà o, ẹ ka tiyín kí ẹ tó sanwó.) Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń kó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́, ẹ sì mọ bí ọ̀nà oko ibẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà òjò. Nọ́ọ̀tì tó bá ọkọ̀ náà dé láti Amẹ́ríkà ni irú èyí tí wọ́n fi ìdérí dídán bò lórí. Ìdérí yẹn kì í ṣe ara nọ́ọ̀tì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wé e. Omi máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì á dógùn-ún nínú lọ́hùn-ún, ìdérí á sì wú. Ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn jò lọ́nà Ìdànrè, sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 21 tó yẹ ẹ́ kò wọ̀ ọ́ mọ́, 22 sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Fọkanáísà gbé òòlù, ó gbá 21 wọ̀ ọ́ tipátipá. Nígbà tó tú u tán, ìdérí há sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìpẹtà pupa sì dà jáde bí ata gígún.

Nọ́ọ̀tì aláìnídèérí ni mo wá ń wá lẹ́yìn ìyẹn, irin kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀tì Toyota ni Toyota ń jẹ́, ẹ sáà mú èyíkéyìí.” Irọ́ pátápátá ni, nínú ike tó nà sí mi gan-an, ti Toyota àti ti Nissan ló dà pọ̀. Ti Tacoma tèmi jẹ́ 12 × 1.5, ìyẹn ni pé bóòtù nípọn tó mìlímítà 12, eyín tírẹ́ẹ̀dì kan sì jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 1.5. Ti ọ̀pọ̀ Nissan jẹ́ 12 × 1.25. Ojú lásán kò lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ọwọ́. Ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì sórí bóòtù. Èyí tó bá bá a mu á máa lọ wẹ́rẹ́, kò sì yẹ kó yí dín ní ẹ̀ẹ̀meje kó tó jókòó. Tó bá há lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sípánà sí i, bóòtù ló máa jìyà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìdí nọ́ọ̀tì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò. Ti rímù irin máa ń rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, torí ihò rímù náà fẹjú lẹ́nu, ó sì ń dín kù bó ṣe ń wọlé. Rímù alumíníọ̀mù tó bá Tacoma mi wá láti ilé-iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò rẹ̀ gún régé, etí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nọ́ọ̀tì tirẹ̀ sì ní ọrùn gbọọrọ tó ń wọ inú ihò, pẹ̀lú wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó ń tẹ rímù. Bí ẹ bá fi onídìí ṣóńṣó sí i, etí ihò nìkan ló máa kàn. Á kọ́kọ́ dà bíi pé ó le, kó tó máa jẹ rímù, kó sì tú. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ rímù sí ti ìgboro ní tirẹ̀, onídìí ṣóńṣó ni ọ̀pọ̀ irú rímù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà ẹ yọ táyà kan kí ẹ wo ihò rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ọlọ́rùn gbọọrọ ni mo rà. Wọ́ṣà rẹ̀ ń yí fàlàlà, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 sì wọ̀ ọ́ ṣinṣin. Ẹrẹ̀ Ìdànrè ti pa dídán rẹ̀, kò sì kàn mí.

Tọ́ọ̀kì sípánà ńkọ́? Òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Tacoma tèmi ń fẹ́ 113 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), apá kejì sípánà pè é ní 83 ft-lb. Ẹ ó yí ìdí rẹ̀ sí iye yẹn, ẹ ó máa fún nọ́ọ̀tì lọ títí á fi dún “káú” lọ́wọ́ yín. Ó tó nìyẹn. Ẹ má ṣe tún un fà.

Fọkanáísà wa ò gbà. “Ọ̀gá, ọkọ̀ ẹrù lèyí, ẹ jẹ́ n gun orí ẹ̀.” Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọkùnrin tó wúwo tó kílò 70, tó dúró sípẹ̀kun páìpù mítà kan tí wọ́n kì bọ ọwọ́ sípánà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 690 Nm ló fi ń fún un. Ìlọ́po mẹ́fà ohun tí bóòtù náà ń fẹ́ ni! Bóòtù á fà, kò ní lè di rímù mú bó ṣe yẹ mọ́, lọ́jọ́ kan á kán. Fífún tí kò dọ́gba tún lè wọ́ dísìkì bíréèkì, kí sítíárì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Kò sì dìgbà téèyàn bá ní tọ́ọ̀kì sípánà. Wíìlì sípánà tó gùn ní ìdajì mítà, tí ẹ fi agbára bíi kílò 23 tẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, á súnmọ́ 113 yẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù (ibi tí rímù ń jókòó sí) àti lẹ́yìn rímù, torí tó bá ti wọ́n sílẹ̀ tán lójú ọ̀nà, nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Ẹ má fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì sí tírẹ́ẹ̀dì. Gbígbẹ ni wọ́n fi ṣírò 113 náà, ọ́ìlì á jẹ́ kí bóòtù fà kọjá bó ṣe yẹ kí sípánà tó dún. Ẹ fọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí táyà kanlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un pa: ẹ fún ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ló kàn, ẹ má tò ó yípo. Bí ẹ bá ti rin bí 80 sí 160 kìlómítà, ẹ tún un yẹ̀ wò. Èmi, mo lọ Òǹdó mo sì bọ̀, mo wá fi sípánà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún nìkan ni méjì ti yí díẹ̀ kó tó dún.

Ẹ má fi tọ́ọ̀kì sípánà tú nọ́ọ̀tì o, kí ẹ sì dá a padà sí iye tó kéré jù tí ẹ bá ti lò ó tán, kí sípíríǹgì inú rẹ̀ má baà rẹ̀.

Ìkùnà kan ṣoṣo tí mo rí nínú nọ́ọ̀tì yìí: nínú 24 náà, mẹ́rin jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò lè tú. Wọ́n ní nítorí olè ni. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù sínú oko lóru, ta ló máa tú u fún yín? Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ra lásán dípò wọn. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n dì láìsí oníkọ́kọ́rọ́, òun ni kí ẹ mú.