Netflix lórí fóònù l'Ábẹ́òkúta: ẹ wo Ga'a kẹ́ ẹ tó wo Lísàbí

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ Netflix yìí torí àwọn tá a jọ wà l'Ọ́bàńtokò níbí ò jẹ́ n gbádùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé owó tí mò ń san yẹn tó nǹkan tí mò ń rí níbẹ̀ àbí kí àwọn kàn máa wo ti YouTube lọ. Ó tó o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣooṣù lèèyàn gbọ́dọ̀ máa san án. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti wá, mo ní kó wá owó oṣù kan, kó kọ́kọ́ jókòó ti House of Ga'a, kó wá wo Lísàbí apá kìíní àti ìkejì tẹ̀ lé e, tó bá parí ẹ̀ kó dá a dúró títí fíìmù gidi míì á fi jáde. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí wàhálà kankan nínú dídá a dúró, ẹ kàn máa tẹ cancel ni, oṣù tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti owó kúrò ńlẹ̀. Èyí tó kéré jù ni ti fóònù, Mobile ni wọ́n ń pè é, lọ́dún 2024 wọ́n fowó lé e, ó di ₦2,200 lóṣù, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó san torí owó wọn kì í dúró sójú kan. Orí fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán ẹ̀ ò sì ju 480p lọ, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ kedere. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, Basic lẹ máa san, ìyẹn jẹ́ 720p, ó mọ́ ju ti fóònù lọ. Fún ojú fóònù, 480p yẹn ò burú rárá, àfi ibi tó bá jẹ́ òru nínú fíìmù tí wọ́n ń fi iná àtùpà rìn, ibẹ̀ lojú èèyàn á ti máa wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kiri.

Dátà gan-an ni ká sọ. Netflix fúnra wọn sọ ọ́ pé tẹ́ ẹ bá fi í sí Low, ó máa jẹ tó 0.3GB ní wákàtí kan, Medium máa jẹ 0.7GB, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi í sí High tó sì jẹ́ HD, ó lè jẹ tó 3GB láàárín wákàtí kan péré. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò fún fíìmù wákàtí méjì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í wò ó tààrà láti orí nẹ́tíwọ̀kì, mo máa ń dáńlóòdù ẹ̀ ni, lóru tàbí láàárọ̀ kùtù kí gbogbo àdúgbò tó jí, torí tó bá di ìrọ̀lẹ́ níbí tí gbogbo èèyàn ti délé, nẹ́tíwọ̀kì á kàn máa yí bírí bírí ni. Tẹ́ ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tán, kí iná lọ, kí nẹ́tíwọ̀kì lọ, kò kàn yín mọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí bátìrì kún. Ẹ fi sọ́kàn pé dáńlóòdù náà ní ọjọ́ tó máa parí o, àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, àsìkò ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní ráyè parí ẹ̀.

Àwa tá a mọ ayé fídíò kílọ́ọ̀bù, a mọ ohun tí ojú rí. Ẹ máa lọ yá fíìmù, wọ́n á kọ orúkọ yín sínú ìwé, tó bá di ọ̀la tẹ́ ẹ ò tíì dá a padà, owó míì ti gun orí ẹ̀. Páàtì wáànù á wà ńlẹ̀, páàtì túù ni ẹnì kan ti gbé lọ, ẹ máa wá dúró dìgbà tí onítọ̀hún bá rántí. Tẹ́ ẹ bá tún wá rí i gbà, síìdì ọ̀hún á ti ha, ibi tí ìjà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló máa há sí, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa fi aṣọ nù ún, ẹ máa dá a padà, ibẹ̀ náà ló tún máa há sí. Torí ẹ̀ ni n kì í fi í jiyàn pẹ̀lú ẹni tó bá ní owó Netflix ti pọ̀ jù, mo kàn máa ń ní kó rántí síìdì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fíìmù. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo House of Ga'a, tí Bọ́lánlé Austen-Peters ṣe, tó jáde ní July 2024, ni pé ìtàn méjèèjì so kọ́ra. Baṣọ̀run Gáà ló fi ọwọ́ líle mú Ọ̀yọ́ láti 1754 sí 1774, ó gorí àwọn Aláàfin, ó ń ní kí wọ́n lọ kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún rẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà ayé Abíọ́dún yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé Lísàbí, àgbẹ̀ tó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ láti bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, dìde nílẹ̀ Ẹ̀gbá, láàárín 1775 sí 1780 níbẹ̀ yẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti rí wàhálà tó wà láàfin nínú ti Ga'a, tẹ́ ẹ bá wá kan Lísàbí, ẹ máa mọ̀ pé ilé tí àwọn tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ti ń bọ̀, kò fara rọ lọ́hùn-ún náà. Femi Branch ló ṣe Gáà, ó ṣe é débi pé ẹ̀rù ojú ẹ̀ ń bani tó bá dákẹ́ ju ìgbà tó bá ń pariwo lọ. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn gidi gan-an.

Lísàbí wá ni tèmi. Apá kìíní, Lisabi: The Uprising, jáde lọ́jọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, apá kejì sì tẹ̀ lé e ní January 2025. Níyì Akínmọláyàn ló darí ẹ̀, Lateef Adédiméjì àti ìyàwó ẹ̀ Adébímpé Oyèbádé ni wọ́n gbé e jáde, Lateef náà ló sì ṣe Lísàbí. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi kí èmi ọmọ Ẹ̀gbá rí i pé gbogbo ayé lè tẹ bọ́tìnnì kan kí wọ́n wo Lísàbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dàgbà l'Ábẹ́òkúta báyìí, orúkọ ilé ìwé ni Lísàbí jẹ́ létí wọn, wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Lísàbí nígbà ọdún ẹ̀ tá a máa ń ṣe, wọ́n á wọ ànkárá, wọ́n á jó, tẹ́ ẹ bá wá ní kí wọ́n sọ ohun tí bàbá náà ṣe, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Èmi àti Màámi la jọ wò ó. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, mo so ó mọ́ sípíkà kékeré kan kí ohùn ẹ̀ lè jáde dáadáa, mo sì pa ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń kọjá nísàlẹ̀ torí ó ń dí Màámi lójú. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, àfi kí wọ́n máa mirí. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí n dá a dúró, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àáró fún mi bí bàbá tiwọn ṣe ń ṣe é lóko: lónìí gbogbo yín á ro oko tèmi, lọ́la ẹ ó kọjá sí ti ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ lẹ máa yí i ká títí á fi kárí. Ọgbọ́n Lísàbí gan-an nìyẹn o! Tí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin bá kó àdá lọ́wọ́ tí wọ́n pé jọ sínú oko, ta ló máa fura? Ìlàrí Ọ̀yọ́, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tó bá ń kọjá lọ á rò pé ebè ni wọ́n fẹ́ kọ. Inú àáró yẹn ni wọ́n ti mú Ẹgbẹ́ Olórógun, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, jáde, nígbà tó sì tó àkókò, Ìgbẹ̀ìn ni Lísàbí ti kọ́kọ́ kọ lu àwọn ìlàrí, àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù gbọ́, àwọn náà ṣe tiwọn.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí fíìmù yẹn dúró pẹ́ sí i. Ìjà inú ẹ̀ dáa, aṣọ dáa, ìlù dáa, kò sí ibi tó jọ pé wọ́n fi owó ṣahun, ṣùgbọ́n jagunjagun tó pọ̀ la ti rí nínú fíìmù Yorùbá, àgbẹ̀ tó fi oko ríro kó ọmọ ogun jọ la ò tíì rí tó. Ká ní wọ́n tún jẹ́ ká wà nínú oko yẹn díẹ̀ sí i, ká gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì létí nígbà tí wọ́n ń kọ ebè, ká rí ẹni tẹ́rù ń bà tí kò fẹ́ dá sí i, ọkàn wa ì bá tún fò ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n bá wá dìde. Síbẹ̀ náà, Lateef ṣe é. Ojú àgbẹ̀ ló gbé wọ inú ẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ bí akọni.

Ẹnì kan sọ fún mi pé inú ń bí òun torí òun ò rí Òkè Olúmọ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ o, kò lè sí níbẹ̀ o! Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, Lísàbí ti kú tipẹ́tipẹ́ nígbà yẹn, inú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́ ni gbogbo ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, kí Abẹ́òkúta tó wà rárá. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì o, torí níbi tí apá kìíní bá dúró sí ló ti ń bá ìtàn lọ. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe jẹ́ ká dúró fún oṣù mélòó kan láàárín méjèèjì, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wò ó báyìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀ lẹ fẹ́ rí, Ayinla lẹ máa wá lọ, ti Túndé Kèlání, ọdún 2021. Sinimá lèmi ti wò ó, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti wò ó. Lateef yìí náà ló ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà tí wọ́n pa nílé ọtí lọ́dún 1980. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ya á. Gbogbo páànù dípẹtà, ojú títì tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn Ẹ̀gbá lẹ́nu àwọn òṣèré, kò sí ẹni tó gbé ìlú wa sójú fíìmù bẹ́ẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn mi ń gbè é, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyẹn ni fóònù ò lè ṣe fún yín.

Ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó wọ sinimá ní 2024, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ìjà owó orí àwọn obìnrin tó gbé Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè lọ́dún 1949, ọ̀rọ̀ ìyá wa ni, àwọn ìyá ọlọ́jà Ìtòkú gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ hàn. Jagun Jagun ti 2023 náà wà lórí Netflix, ẹ wò ó fún ìjà, ó dùn, n ò ní jù bẹ́ẹ̀ sọ.

YouTube ńkọ́? Mo ń wò ó, ọ̀fẹ́ ni, àwọn òṣèré wa sì ń rí owó ìpolówó níbẹ̀, n ò ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti sáré ṣe, ilé kan náà, àga kan náà, ẹkún kan náà. Èyí tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi fláàṣì já fíìmù tuntun fún èèyàn ní Pánsẹ́kẹ́ àti Kútọ̀, fíìmù tí ẹnì kan gbé kámẹ́rà wọ sinimá lọ jí ká, ẹ máa rí orí ẹni tó dìde lọ tọ̀ níwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Àwọn tó ń ṣe Lísàbí àti Ga'a, owó ńlá ni wọ́n kó sí i, tí kò bá wọlé fún wọn, a ò ní rí fíìmù Ṣódẹkẹ́, a ò ní rí ti Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú Lísàbí o, nínú Ga'a náà, wọ́n ń bẹ́ orí níbẹ̀. Tèmi tó wà ní jẹ́ẹ́sì tú ló jókòó tì wá, kíá ni mo ní kó lọ sùn. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó kẹ́ ẹ tó pè wọ́n.