Agbépòó tí mo lè júwe fún yín ní Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ wọn dára, owó wọn wọ́n díẹ̀, ẹnu dírẹ́bà wọn sì mú bí abẹ. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó ń bi mí léèrè ta ló kó sọ́kàwéè wa ní àdúgbò Básìrì, ìdáhùn yín rèé. 55,000 náírà ni mo san fún ọkọ̀ kan. Ẹlòmíì á gbà á ní 40,000, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi onítọ̀hún níbi tó ń dà á sí.

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń yan agbépòó. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní, "Màmá, tó bá ti kúrò nílé yín, kí ló tún kàn yín?" Mo pa fóònù. Aládùúgbò mi kan ti lo àwọn yẹn rí: òru ni wọ́n wá, ìṣàn kékeré kan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì lọ tú u sí.

Mo gbé Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ òórùn Ìddó dáadáa, níbi tí àwọn ọkọ̀ agbépòó ti máa ń tò nígbà náà, tí wọ́n máa ń da ìgbẹ́ Èkó sínú ọ̀sà ní ọ̀sán gangan. Ọ̀sà kan náà tí wọ́n ti ń pa ẹja! Àbúrò mi tó wà ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, wá sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ ní èbúté àárín ìlú tiwọn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní wọ́n gbẹ́ àwọn táńkì ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀, tó ń gba omi òjò àti omi ẹ̀gbin dúró nígbà tí òjò bá pọ̀, kó má bàa ya sí èbúté. Láti 2002 ni wọ́n ti ṣí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti Islands Brygge, tí ẹ̀gbin bá sì ya wọ inú omi, wọn a ti í pa títí omi á fi mọ́. Àwa kò ní òkun ní Èkìtì, ṣùgbọ́n odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kò dúró lọ́dọ̀ wa, àwọn ará Oǹdó ló ń gba ohun tí a bá dà sí i. Kànga sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò nílé.

Iṣẹ́ wọn gan-an ńkọ́? Hóòsì wọn gùn. Wọ́n fi igi ro ìsàlẹ̀ kí èyí tó ti dì lè dìde. Àwọn tó ń kánjú a fa omi orí rẹ̀ nìkan, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi kún. Wọ́n yọ páḿpáàsì àti pádì jáde, wọ́n kó o sílẹ̀ níṣojú àwọn ayálégbé mi. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ọmọ kan nawọ́ sí gúùgà kànga mi pé òun fẹ́ fi omi ṣan hóòsì. Kí n tó lanu, ọ̀gá rẹ̀ ti jágbe mọ́ ọn. Kẹ́gi omi tiwọn wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì da Hypo sí i.

Dírẹ́bà wo kànga, ó wo sọ́kàwéè, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àwọn méjèèjì ti fẹ́ máa bọ ara wọn lọ́wọ́." Ọmọ yìí kò bẹ̀rù àgbà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. 30 mítà ni wọ́n ní kó wà láàárín wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Pílọ́ọ̀tì wa kò ju 60 ní 120 lọ. Ká tilẹ̀ ní ẹ gbẹ́ kànga síwájú, ẹ fi sọ́kàwéè sẹ́yìn, ti aládùúgbò ńkọ́? Orí àpáta ni Adó wà. Ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn ni omi kànga wa wà, ibẹ̀ náà ni omi sọ́kàwéè ń gbà kọjá. Nítorí náà, kíkó tí wọ́n kó o kò wo kànga sàn o. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà ni pé E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà omi. Sísè ni a ṣì ń se tiwa ká tó mu ún.

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n tẹ̀ lé wọn lọ wo ibi tí wọ́n ń dà á sí. Wọn kò mọ̀ pé màá lọ. Oko kan ni, lójú ọ̀nà Ìyìn: kòtò pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nísàlẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́, olóko á kó gbígbẹ rẹ̀ sí ìdí igi tíìkì, kì í ṣe sí ìdí ẹ̀fọ́. Mo wá odò yíká, n kò rí. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kòtò kan ti sán, kò sì sí òrùlé. Tó bá di oṣù Keje, kí ni oòrùn fẹ́ gbẹ níbẹ̀? Olóko ní páánù ń bọ̀. Nítorí páánù tó ń bọ̀ yẹn, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni màá sì máa pè wọ́n.

Ẹni tó bá mọ̀ mí lè gba nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú owó dísù wá lọ́tọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn. Ó ti wà nínú 55,000.