Ìgò Mẹ́ta, Iṣẹ́ Kan: Kí Ẹ Tó Ra Kẹ́míkà fún SN2

Ẹni tó fẹ́ ṣe SN2 ní láàbù, ìyẹn iṣẹ́ tí èròjà kan ti ń lé òmíràn kúrò lára káábọ̀n tó sì ń jókòó sípò rẹ̀, ìgò mẹ́ta ló sábà máa ń bá lórí àtẹ: 1-chlorobutane, 1-bromobutane àti 1-iodobutane. Káábọ̀n mẹ́rin mẹ́rin ni gbogbo wọn ní. Átọ̀mù tó wà ní ìparí ló yàtọ̀, òun ló sì ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa yá tó àti iye tí ẹ máa san.

Áyódínì ló yá jù, torí ìdè tó so ó mọ́ káábọ̀n kò le. Búrómínì tẹ̀ lé e. Kílórínì ń fà nílẹ̀. Ti fúlórínì, ẹ má wulẹ̀ béèrè rẹ̀. Kò ní kúrò níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré sanwó iodo. Móòlù (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye mólékù) kan chloro jẹ́ gíráàmù 92.6, ti bromo jẹ́ 137, ti iodo jẹ́ 184. Nínú ìgò gíráàmù 100, chloro á fún yín ní móòlù 1.08, iodo ò ní ju 0.54 lọ. Ìdajì péré! Gíráàmù ni wọ́n ń tà, móòlù lẹ sì máa lò, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó ná ọjà. Iodo kì í tún fẹ́ ìmọ́lẹ̀: tuntun rẹ̀ kò láwọ̀, tó bá ti ń bàjẹ́, áyódínì á máa yọ, á sì pọ́n. Èyí tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má gbà á ní iye tuntun.

Bromo ni èmi máa ń sọ pé kí ènìyàn rà. Bí owó ò bá tó, ẹ ra chloro, kí ẹ bu sodium iodide díẹ̀ sí i. Áyódínì á lé kílórínì, òun náà á tètè dìde fún èròjà tí ẹ fẹ́ gan-an, á sì lọ bá òmíràn. Acetone dára fún èyí: sodium iodide ń yòrò nínú rẹ̀, sodium chloride kì í fẹ́ẹ́ yòrò, ẹ máa rí i tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ní funfun. Ọ̀nà yìí ni Hans Finkelstein, ará Jámánì, kọ jáde ní 1910. Kí acetone ọ̀hún ṣáà má lómi nínú.

Kẹ́míkà olómi tí ẹ máa po gbogbo rẹ̀ sí gan-an ló yẹ kí ẹ náwó lé. Bí azide (èròjà onínáítírójìn mẹ́ta tó ń lé búrómínì kúrò) bá ń bá 1-bromobutane jà nínú methanol, tí a pe ìyára rẹ̀ ní 1, nínú DMSO (dimethyl sulfoxide) á di 1,300, nínú DMF (dimethylformamide) 2,800, nínú acetonitrile 5,000. Háídírójìn inú methanol ló ń rọ̀ mọ́ azide tí kò jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́; àwọn mẹ́ta tó kù kò ní irú rẹ̀.

Acetonitrile ń hó ní 82°C, ó rọrùn láti lé kúrò lẹ́yìn iṣẹ́. DMSO ń hó ní 189°C, omi lẹ máa fi fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ń dì ní nǹkan bí 18.5°C, ẹ̀rọ amúlétutù líle lè sọ ọ́ di yìnyín. Ó tún ń gba ara wọlé pẹ̀lú ohun tó yòrò sínú rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. DMF lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Nínú òun àti DMSO, ẹ má mú sodium hydride (base líle kan, ìyẹn ohun tó ń já háídírójìn gbà) gbóná; ó ti bú gbàmù rí.

Gbogbo èyí yí padà bí káábọ̀n tó di kílórínì mú bá ní káábọ̀n mẹ́ta mìíràn lára, bíi 2-chloro-2-methylpropane. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí èròjà tuntun máa ń gbà wọlé, ti dí, SN2 ò lè ṣẹlẹ̀. SN1 ló máa ṣe: kílórínì á kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kúrò. Chloro tó níbẹ̀, ẹ ra ethanol, kí ẹ fi omi là á. Ẹ má náwó lé nucleophile (èròjà tó ń wá jókòó sára káábọ̀n) tó lágbára, kò ní mú un yá. Tó bá tún jẹ́ base líle, alkene (èròjà tí ìdè méjì so káábọ̀n rẹ̀ méjì pọ̀) lẹ máa bá nínú ìgò.