Aago Oníyanrìn àti Aago Harrison
Èwo ló dára jù láti mọ àkókò nínú ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́: aago oníyanrìn ni àbí aago Harrison? Aago oníyanrìn kò wọ́n. Ọmọdé inú ọkọ̀ á dorí rẹ̀ kodò ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì lu agogo. Bí oorun bá gbé ọmọ náà lọ pẹ́nrẹ́n, àkókò ti dàrú nìyẹn.

Aago H4 tí John Harrison, aṣe-aago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń pa àkókò èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ńlá wà, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ dé: bí oòrùn bá kan àtàrí lójú òkun, tí aago ń sọ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní èbúté, ọkọ̀ ti rin dígírì 45 síhà ìwọ̀-oòrùn, torí wákàtí kan jẹ́ dígírì 15. Wọ́n gbé aago náà lọ sí Jàmáíkà ní 1761. Ó wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́. Ẹ̀mí àwọn awakọ̀ ṣe pàtàkì ju owó lọ.