Tennessee tàbí South Carolina: iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ibo ló le jù?

Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin ti yunifásítì Amẹ́ríkà, èwo ló sàn: kéèyàn jogún ẹgbẹ́ ńlá, àbí kó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀?

Ní Tennessee, Pat Summitt gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kó tó fipò sílẹ̀ ní 2012. Holly Warlick tó rọ́pò rẹ̀ kó ẹgbẹ́ náà dé ìdíje NCAA (ìdíje ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fáwọn yunifásítì) lọ́dọọdún fún ọdún méje, síbẹ̀ wọ́n lé e ní 2019. Kellie Harper dé, wọ́n lé òun náà ní 2024. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ Summitt gan-an làwọn méjèèjì ti gbá bọ́ọ̀lù o! Olólùfẹ́ tó ti mọ adùn ife ẹ̀yẹ kì í ka kíkópa lásán sí nǹkan kan.

Ti South Carolina yàtọ̀. Dawn Staley dé ní 2008. Ní sáà àkọ́kọ́, ó borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, ó fìdí rẹmi nínú 18. Wọ́n mú sùúrù fún un. 2012 ló tó kó wọn dé NCAA, ife ẹ̀yẹ sì wá ní 2017, 2022 àti 2024.

Lójú tèmi, ti Staley ló sàn, torí ó ráyè mí. Ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni mo ń káàánú.