Iṣẹ́ amọ̀nà kan tí ó ń mú àlejò yí àwọn ilé ìjọsìn Àjàṣẹ́ ká

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń mú àlejò yí àwọn ilé ìjọsìn ká ní Àjàṣẹ́, ìlú ní orílẹ̀-èdè Benin tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, 5,000 sẹ́fà ni ó sì gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Abẹ́òkúta ni mo ti wá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, nítorí náà ojú àlejò ni mo fi wo gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni ó bá wa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ rẹ̀ tó owó tí a san, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó kì í ṣe ibi kékeré.

Mọ́sáláṣí àtijọ́ tí ó wà nítòsí ọjà ni a ti kọ́kọ́ dúró pẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí ilé gogoro méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ọnà oríṣiríṣi sì kún ara ògiri rẹ̀. Amọ̀nà wa ṣàlàyé pé àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n padà wálé láti oko ẹrú ní Bràsílì àti àwọn ọmọ wọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí; pé ọdún 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀; àti pé irú ilé ìsìn tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894 jẹ́ ìbátan rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, ti Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì jù ú lọ. Ó fi sùúrù dáhùn gbogbo ìbéèrè wa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń kírun.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, a bá wọn nínú Máàsì. Faransé ni àlùfáà fi wàásù, Ẹ̀gùn ni àwọn akọrin fi kọrin, àwọn ìyá tí wọ́n jókòó nítòsí wa sì ń fi Yorùbá kí ara wọn. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó kọjú sí ìta bí ó ti máa ń rí ládùúgbò wa, ìyẹn sì tù mí lára púpọ̀. Lẹ́yìn èyí a gba ẹ̀gbẹ́ ojúbọ Lẹ̀gbà kan, ìyẹn òrìṣà tí àwa ń pè ní Èṣù, kọjá, a kò dúró.

Ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Ìlú yìí ni Samuel Biléhou Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Káfíńtà ni, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìyá rẹ̀ ti wá, Ìmẹ̀kọ náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1985. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé ni ọkọ̀ àwọn aláṣọ funfun máa ń gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìmẹ̀kọ; láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ rí ibi tí ìjọ náà ti ṣẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni amọ̀nà ti já mi kulẹ̀. Kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń wọ inú ilé ìsìn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n mú ìborí lọ́wọ́, débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti dúró síta. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé, nígbà tí àwọn olùjọsìn dojúbolẹ̀ nínú àdúrà, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò wọn, amọ̀nà sì dákẹ́. Alágbà kan ni ó rìn wá bá wa, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àlejò wa, Ọlọ́run ni à ń bá sọ̀rọ̀.” Ẹni tí ó dojúbolẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kì í ṣe ohun ìwòran, ẹni tí ó sì mọ èyí ní mọ́sáláṣí kò yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀ ní Sẹ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí amọ̀nà fi ní kí a máa bọ̀, nítorí oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsìn kò tíì dé ìdajì.

Nídìí oúnjẹ náà ni ó ti sọ fún wa pé bàbá òun ń kírun, pé ìyá òun ń wọ sùtánà, àti pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń se oúnjẹ ọdún Iléyá àti ti Kérésìmesì fún àdúgbò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá wa sọ kí a tó gbéra ní òwúrọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó yan ọjọ́ Àìkú, kí ó wọ bàtà tí ó rọrùn láti bọ́, kí obìnrin mú ìborí dání. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbèrò láti tún san owó náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà, a ó sì ti sọ fún un ṣáájú pé kí ó yọ oúnjẹ ọ̀sán kúrò nínú ètò, nítorí pé a fẹ́ jókòó sí Sẹ̀lẹ́ títí tí wọn yóò fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.